Ẹ Má Fi Abẹ Kan Ahọ́n Ọmọ Yẹn O!

Lẹ́tà kan dé sí mi lọ́wọ́ ní bí oṣù méjì sẹ́yìn tí n kò lè jù sí ojú ewé lẹ́tà kí n sì máa bá tèmi lọ. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ẹ̀bà tí mò ń jẹ lọ́wọ́, mo gbé e tì.

Ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọta nílùú Ìbàdàn ló kọ ọ́, tàbí kí n kúkú sọ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló bá a kọ ọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe wí:

"Akọ̀ròyìn ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọkùnrin tí mo bí gbẹ̀yìn ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì pe 'màmá' rí. Bí mo bá pè é, nígbà mìíràn á yíjú, nígbà mìíràn á ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun ni mò ń bá wí. Ìyá ọkọ mi ní okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló so ahọ́n mọ́lẹ̀, pé baba kan wà ládùúgbò àwọn tó máa ń fi abẹ gé e, pé kò ní í pẹ́ tọ́mọ á fi máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àyà mi ń já. Ìwọ tó o máa ń kàwé kiri, kí ni kí n ṣe?"

Ìwọ tó o máa ń kàwé kiri! Ẹ ò rí i pé àpọ́nlé ńlá nìyẹn fún èmi oníwèé mẹ́wàá lásán. Mi ò wọ yunifásítì, mi ò ṣe dókítà, mi ò ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà ńlá kan dá a wó. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ orúkọ ẹ̀ fún màmá wa. Ibà lọ, ọmọ dìde, gbogbo wa dúpẹ́. Àfi bó ṣe di pé bí a bá pè é, kì í dáhùn. Olóríkunkun la sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ pè é wá jẹun, mo pè é títí, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Inú bí mi, mo gbá a létí. Ẹ̀yin èèyàn mi, etí gan-an tí kò gbọ́ràn yẹn ni mo gbá. Ọmọ ọdún méje ni kí tíṣà kan tó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí kò yíjú, tó wá sọ fún màmá wa pé, "Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe aláìgbọràn. Kò gbọ́ràn ni." Ọdún márùn-ún ti lọ. Tíṣà ò gun un lábẹ́rẹ́, kò gé ahọ́n ẹ̀, àtẹ́wọ́ lásán ló pa.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí "kí ni kí n ṣe" yẹn, mo mọ̀ pé eré kọ́. Ọmọbìnrin yẹn kọ nọ́ńbà fóònù sísàlẹ̀ lẹ́tà. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún màmá pé kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi abẹ kan ahọ́n ọmọ yẹn o. Kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ra dátà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo rí ìwé ìwádìí kan tí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ohun tí mò ń wá mu gẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo hàn mí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú: kí n san dọ́là 35 kí n tó lè ka ìyókù. Dọ́là márùndínlógójì! Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ sí náírà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá owó akọ̀ròyìn gbé e. Ẹni tó kọ ìwé ọ̀hún ò ní í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló ni owó. Àwọn dókítà wa tí wọ́n wà ní ọsibítù kéékèèké, tí yunifásítì kankan ò bá sanwó ìwé fún wọn, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n máa ń kọlù.

Àṣé ilẹ̀kùn mìíràn wà tí wọn kì í tì. Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé ìkéde kan jáde lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe nílùú Budapest, wọ́n ní ìmọ̀ tí ọ̀mọ̀wé fi ìwádìí kó jọ yẹ kó wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Látìgbà náà ni irú ìwé àtìgbàdégbà bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Tẹ́nikẹ́ni bá ti ní fóònù àti dátà, kó wọlé, kó kà, kó gbé e lọ. Wọ́n wà lórí ọ̀rọ̀ ojú, lórí ọkàn, lórí iṣẹ́ oko. Èyí tí mo ń wí yìí, lórí etí, ọ̀rọ̀ ẹnu àti èdè ni. Wọ́n ní ọ̀kan ní Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní South African Journal of Communication Disorders. Wọ́n ní CoDAS ní Bùràsíìlì. Kò sí olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dáa. Ẹ gbọ́ ná. Kí wọ́n tó tẹ ìwé ìwádìí tòótọ́ jáde, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n tú u palẹ̀, bí olóòtú mi ṣe máa ń fi bírò pupa tú ìròyìn mi palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún èyí tó ṣílẹ̀kùn. Òótọ́ ni pé gbájúẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan á gba owó lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé, wọn ò ní í yẹ nǹkan kan wò, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Torí ẹ̀ ni ìwé orúkọ kan ṣe wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Lund nílẹ̀ Sweden lọ́dún 2003, tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ṣeé fọkàn tán sí. Èmi náà máa ń yẹ ibẹ̀ wò kí n tó gba nǹkan gbọ́. Kọndọ ọlọ́pàá ò sí lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni mo ní.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ahọ́n. Ilẹ̀ Bùràsíìlì ni mo ti rí ìdáhùn tó kọ́kọ́ mú mi mí kanlẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ okùn abẹ́ ahọ́n ẹ̀ wò. Ẹ wò ó, kì í ṣe pé ìyá ọkọ ń purọ́ o! Okùn abẹ́ ahọ́n máa ń so ahọ́n àwọn ọmọ kan mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ọmú ni kì í jẹ́ kí ọmọ mu dáadáa, bó bá sì dàgbà, ó lè máa pe 'l' tàbí 'r' kó má dún bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n á sọ̀rọ̀! Á ké, á pe màmá ẹ̀, á bú èèyàn pàápàá. Ahọ́n tó so kì í sọ ọmọ di odi. Bó bá sì yẹ kí wọ́n gé e, dókítà ló ń gé e, kì í ṣe abẹ tí wọ́n fi fá irun bàbá lágbájá láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Àwọn ará Bùràsíìlì kan náà ti kọ́kọ́ ṣe òfin mìíràn lọ́dún 2010. Èyí sọ pé kí wọ́n yẹ etí gbogbo ọmọ tuntun wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúró síbẹ̀. Etí! Nítorí ọmọ ò lè sọ ohun tí kò gbọ́. Àwa ń wo ẹnu, àwọn onímọ̀ ń wo etí.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ wò yà mí lẹ́nu. Nínú lọ́hùn-ún, ohun kan wà tó rí bí ìkarahun ìgbín. Irun tín-ín-tín-ín bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú ẹ̀, ìró ló ń mì wọ́n. Bí wọ́n bá kú, wọn kì í hù mọ́ láéláé. Ní 1978, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ David Kemp ní London fi hàn pé bí etí tó yè bá gbọ́ ìró, òun náà máa ń dá ìró kékeré padà síta. Ìyẹn ni pé etí ń dáhùn! Wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki ẹnu ẹ̀ bọ etí ọmọ tó ń sùn. Á pa ìró, á tẹ́tí dúró de ìdáhùn. Kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀, kò dun ọmọ. Àwọn onímọ̀ ní kí ọmọ tó pé oṣù kan, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ etí ẹ̀ wò. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ dájú bó bá di. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà o, kì í ṣe ọdún méje.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ìlú Èkó níbí ni Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ jòjòló lábẹ́rẹ́ BCG. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í ṣe ọsibítù la bí wọn sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bí wọn sílé alágbo pàápàá, ìyá wọn á gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2008 nínú ìwé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ọ̀fẹ́ ni. Látìgbà náà, ẹ bá mi wo ibi abẹ́rẹ́ tó wà ládùúgbò yín bóyá ẹ ó rí ẹ̀rọ ọ̀hún níbẹ̀.

Àjọ WHO yìí kan náà sọ lọ́dún 2021 pé àwọn ọmọdé tí etí wọn di débi tí wọ́n nílò ìtọ́jú tó mílíọ̀nù 34 káàkiri ayé, pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 60 ni ìbá má rí bẹ́ẹ̀. Èéyi, àìsàn ọpọlọ, etí tó ń ṣọyún, ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, àwọn abẹ́rẹ́ bíi gentamicin àti streptomycin tí wọ́n ń gún láìwọ̀n ọn. Nígbà tí mo ka ti gentamicin, mo sọ fóònù sílẹ̀, mo jáde síta lọ gba atẹ́gùn.

Ìbéèrè kan ṣì ń dà mí láàmú. Bí etí ọmọ yẹn bá di, kí ló dé tó fi ń yíjú nígbà mìíràn? Mo rí i. Etí kì í sábà di pátá bí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìró tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sọnù, 's', 'f', 'ṣ', 'k', nígbà tí ìró tó wúwo ṣì ń wọlé. Ẹ wá wo Yorùbá wa. Ohùn tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ sókè sódò, tó ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, inú ìró tó wúwo ló wà. Ohun tí dùndún ń sọ nìyẹn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ìlù ọ̀rọ̀ náà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Bí màmá bá pariwo orúkọ ẹ̀, ó gbọ́ pé wọ́n lu nǹkan, ó yíjú. Màmá á ní, "Ó kúkú ń gbọ́!" Mo ka èyí tán, mo rántí bí àbúrò mi ṣe máa ń yíjú sí ìlẹ̀kùn tó bá gbá.

Ọjọ́ kẹta, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Ìyá wa gbé ẹ̀rọ ata fún ẹlòmíràn, ìyá ọkọ ní òun ò ní í jókòó sílé kí akọ̀ròyìn kan wá gbé ọmọ òun lọ. Gbogbo wa bá forí lé ọsibítù ìjọba kan. A tò títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì etí ki ẹ̀rọ kékeré náà bọ etí ọmọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún bọ èkejì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ dúpẹ́. Etí méjèèjì dáa. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Ìyá ọkọ fò sókè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ahọ́n ni! Ẹ jẹ́ ká tètè lọ, baba yẹn ṣì wà nílé."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òógùn bò mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá. Èmi ni mo ní etí ni. Mo fẹ́ẹ̀ dákẹ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo ti kà lóru ọjọ́ kejì, nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé ọ̀fẹ́ wọ̀nyẹn, tí mi ò kà sí nígbà náà. Ó ní ẹ̀rọ kékeré yẹn, ìkarahun ìgbín nìkan ló ń dán wò. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣan tó ń gbé ìró láti ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ìkarahun wọn yè koko, iṣan ló bàjẹ́, pàápàá àwọn tí ibà pọ́njú mú gidigidi nígbà tí wọ́n jẹ́ jòjòló, tí ẹyinjú wọn ń ṣe yẹ́lò. Ẹ̀rọ á ní wọ́n dáa. Wọn ò dáa.

Mo yíjú sí ìyá ọmọ, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ bí i, ṣé ojú ẹ̀ pọ́n?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo rí inú yàrá ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ kẹta tí mo bí i ni. Ara ẹ̀ pọ́n, kò mu ọmú, ó kàn ń sùn. Wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ."

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ṣé dókítà ni yín ni?" Mo ní rárá o, akọ̀ròyìn ni mí. Mo na fóònù sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Mo gbọ́dọ̀ yìn ín, kò bínú, kò lé mi. Ó gbé fóònù ọ̀hún wọlé tọ dókítà lọ. Nígbà tí dókítà jáde, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ní àyẹ̀wò kejì wà tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn, tí wọ́n ń wò bóyá ìró ń dé ọpọlọ. Ó fún wa ní ọjọ́.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ́jú kan sọ èyí. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí a ń fi oòrùn àárọ̀ nìkan tọ́jú bó bá le. Iná búlúù wà ní ọsibítù fún un, bó bá le jù, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bó bá pọ́n lọ́jọ́ kìíní pàá, tàbí tí kò mu ọmú, ẹ má dúró de àárọ̀. Káńfọ̀ funfun róbótó tí à ń fi sáàárín aṣọ, ẹ má kó o sí aṣọ ọmọ jòjòló. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí kì í bá a mu, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó máa ń fa ibà ọ̀hún tàbí kó mú un burú sí i.

Àyẹ̀wò kejì ti wáyé. Ìlà tó yẹ kó máa gòkè gòdò lójú ẹ̀rọ, ó nà gbalaja. Ìró ń wọ etí, kì í dé ọpọlọ bó ṣe yẹ. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn á fi ẹ̀rọ àfisétí gbìyànjú, pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn. Pé iṣẹ́ abẹ kan wà tí owó ẹ̀ ga. Pé ohunkóhun tó wù kó jẹ́, kí wọ́n fún ọmọ ní èdè kíákíá, ọwọ́ ni o, ẹnu ni o. Ìyá wa sunkún. Ó bi mí pé, "Ṣé á wá sọ̀rọ̀ báyìí?" Mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo mú àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó ti di ọkùnrin, télọ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ adití ló ti kàwé, irú èyí tí Andrew Foster bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn lọ́dún 1960, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ adití. Èdè ọwọ́ tó gbé wá láti Amẹ́ríkà làwọn adití wa ń sọ dòní, tí wọ́n ti fi tiwọn kún un. Àbúrò mi jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ náà. Ó fi ìka kan ẹnu: oúnjẹ. Ó nawọ́ sí ìyá wa, ó wá tẹ́ ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ọmọ wo ìyá ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tiẹ̀ kan àgbọ̀n.

Ìyá ọkọ ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó pe màmá ni, màmá."

Ìyá àgbà ò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sún mọ́ àbúrò mi, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kó tún un ṣe kí òun rí i dáadáa, pé èwo wá ni ti ìyá àgbà?

Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n wá gba ẹ̀rọ àfisétí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa etí tó ń hó látàrí ariwo ẹ̀rọ ata àti jẹnẹrétọ̀, lẹ́tà yín ti dé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ yín, ẹ wá nǹkan dí etí yín.